Ìrìn Bàbá Ọlálérè

Ká ní iná wà ní Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni, Dọ̀tun àti Caleb ì bá má ti mọ ara wọn.

Ayọ̀midọ̀tun lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ ìyá aláṣọ kan ní Ìkàrẹ́ níbẹ̀. Yunifásítì ló wà, ó ti wọ ọdún tó kẹ́yìn. Áníméṣọ̀n ló ń kọ́, àti bí wọ́n ṣe ń fi òjò sínú fíìmù níbi tí òjò ò ti rọ̀ rárá. Táwọn oníbàárà bá bi ìyá ẹ̀ pé kí lọmọ yín ń kà, wọ́n á ní, "Kátúùnù ni o, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ẹ̀rí."

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó sáré gbé láptọ́ọ̀pù wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta sólà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà. Ó gbé e lé orí káńtà, ó ti ń wá ibi tó máa ki wáyà bọ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú. Ó ń se nǹkan lọ́wọ́."

Caleb, tó ni ṣọ́ọ̀bù, wo láptọ́ọ̀pù, ó wo ọmọge. "Kí ló ń sè? Ẹ̀wà?"

"Àwòrán ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sè wọ́n, wọ́n pọ̀. Tó bá kú báyìí, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Á jẹ́ pé mo máa bá yín jókòó tì í nìyẹn, kó má lọ jóná."

Ó sì jókòó tì í lóòótọ́, títí wọ́n fi fẹ́ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Dọ̀tun ò ra nǹkan kan, kódà gílóòbù. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, láptọ́ọ̀pù yẹn kì í jinná mọ́. Iná á wà nílé wọn rekete, Dọ̀tun á ṣì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Caleb pé ó ń sè.

Ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni wọ́n ṣe dọ̀rẹ́. Kí ọdún tó parí, Caleb ti ń pè é ní "ìyàwó mi aláwòrán," òun náà ti ń pe Caleb ní "iná mi." Caleb ti mú un lọ sí Ọ̀kà, nílé àwọn òbí Caleb, ìyá Caleb sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló bí i. Bàbá Caleb, Bàbá Ọlálérè, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, àgbà ìjọ sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi iṣu rán an sí ìyá ẹ̀ nígbà tó ń lọ, gbogbo ilé sì mọ̀ pé wọ́n ti gbà á nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìkàrẹ́.

Àárín ìgbà yẹn ni pírójẹ́ẹ̀tì wọlé.

Fíìmù kékeré kan ni Dọ̀tun fẹ́ fi jáde nílé ìwé. Bàbá àgbẹ̀ kan á máa gbé iṣu tuntun bọ̀ látorí òkè, kùrukùru á bo gbogbo ọ̀nà. Kùrukùru yẹn dára, ó dà bíi ti Òkè Ọ̀kà láàárọ̀. Bàbá àgbẹ̀ yẹn gan-an ló ń dà á láàmú. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n da omi ọṣẹ sí lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ ẹ̀ wò ó, ó ní ọkùnrin yìí ò wúwo, kó lọ wá ẹni tó ń rìn, kó wò ó dáadáa, kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Dọ̀tun wo àwọn ọlọ́kadà, ó wo àwọn ìyá tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, kò rí ohun tó ń wá. Àfi Sátidé kan tó wà ní Ọ̀kà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó rí Bàbá Ọlálérè tó ń ti oko bọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì Bàbá á tẹlẹ̀ ṣinṣin. Tọ̀tún á yí gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, èjìká kan á lọ sílẹ̀, á tún gbéra. Iṣu wà ní èjìká kejì, kò sì mì. Ohun tí Dọ̀tun ń wá nìyí. Ó gbé fóònù sókè láti ojú fèrèsé, ó ya fídíò Bàbá títí tí wọ́n fi wọ ilé.

Kò tọrọ àṣẹ. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé tóo bá ti sọ fún èèyàn pé o fẹ́ yà á, kò ní rìn bó ṣe ń rìn mọ́, á máa rìn bíi ṣójà. Bí àwọn tó ń ṣe áníméṣọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn nìyẹn. Nígbà tó délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi Bàbá, ó ń lọ ó ń bọ̀, títí ìbàdí fi ń dùn ún, kí ara ẹ̀ lè mọ ibi tí ìwúwo yẹn ń lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi í sínú eegun ọkùnrin inú kọ̀ǹpútà yẹn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, ọkùnrin náà rìn. Ó rìn bí èèyàn.

Ayọ̀ ò jẹ́ kó ronú. Ó gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì wásáàpù ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò tíì ní ojú o, kò tíì ní aṣọ, gbogbo ara ẹ̀ funfun bí eérú. Ta ló máa mọ̀ ọ́n?

Gbogbo Ọ̀kà ló mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Eunice, àbúrò Bàbá tó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, ló kọ́kọ́ rí i. Wọn ò ní èrò burúkú lọ́kàn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n fi í sórí gúrúùpù ẹbí, wọ́n ní kí wọ́n wá sọ ẹni tó ń lọ yìí. Gúrúùpù ẹbí fi í sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì fi í sí tàwọn ọlọ́kadà. Nígbà tí Bàbá kọjá níkoríta lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń yí ẹsẹ̀, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú padà, wọ́n sì rí i.

Bàbá ò bá a jà. Wọ́n padà sílé, wọn ò lọ sóko mọ́, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́nìkan bá fẹ́ fi fídíò yẹn hàn wọ́n, wọ́n á wo ibòmíì.

Ìyá Caleb ló pe Dọ̀tun lórí fóònù. Ohùn wọn ò le. "Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "kí lo fi ẹsẹ̀ ọkọ mi ṣe?"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Caleb wá. Kò jókòó. "Bàbá ní àwọn ò lọ sí Ìkàrẹ́ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ máa tọrọ ẹni tó fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́."

Dọ̀tun ní òun ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìrìn yẹn ló wu òun jù nínú gbogbo ìrìn tóun ti rí.

"Mo mọ̀," Caleb wí. "Àmọ́ ìwọ tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, ṣé o rí fọ́tò kankan nílé wa tí Bàbá ti nàró?"

Dọ̀tun ronú kan ògiri pálọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá níbi ìgbéyàwó, lórí àga. Bàbá pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ, lórí àga. Caleb ní ó ti pẹ́ tí ọ̀kadà ti gbé Bàbá ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí eegun ò sì jinná dáadáa. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ya àwọn lórí ìdúró. Dọ̀tun ti wo ògiri yẹn láìmọye ìgbà, kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀rù wá ń bà á. Ìyá ẹ̀ ní àwọn ti sọ tipẹ́ pé kó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá ẹ̀ ní táwọn ará Ọ̀kà ò bá wá, kò sẹ́ni tó máa lọ bẹ̀ wọ́n. Caleb ṣì ń pè é, àmọ́ "ìyàwó mi" ti di "Dọ̀tun," "Dọ̀tun" ti ń di "hẹlò." Lọ́jọ́ tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí làwọn máa ṣe, Caleb ní kó kọ́kọ́ parí ilé ìwé ná, àwọn á wò ó.

Àwọn á wò ó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí tí ọkùnrin bá sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa gba pírójẹ́ẹ̀tì ti dé tán. Olùkọ́ ẹ̀ ti ń fi ìrìn yẹn han àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyí. Kò sẹ́ni tó ní kó yọ ọ́. Dọ̀tun jókòó ti láptọ́ọ̀pù náà, ó pa fídíò tó yà rẹ́, ó pa ìrìn náà rẹ́ pátápátá. Ó gbé bàbá àgbẹ̀ yẹn jókòó sórí àpáta, ó gbé iṣu lé e lẹ́sẹ̀, ó jẹ́ kí kùrukùru máa kọjá lójú ẹ̀. Ohun tó ráyè ṣe nìyẹn.

Olùkọ́ béèrè pé ìrìn dà. Dọ̀tun ní òun yọ ọ́, torí òun ò gbàṣẹ. Olùkọ́ mi orí, ó sì fún un ní máàkì ẹni tó jókòó. Ó yege, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe rò.

Dọ̀tun wá ní kí Caleb gbé òun lọ sí Ọ̀kà. Nígbà tí ọ̀kadà ń gun òkè, ó di Caleb mú láti ẹ̀yìn.

"Tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá máa gbé ẹ wá títí wọ́n á fi gbà."

"Tí wọn ò bá wá gbà láéláé ńkọ́?"

Caleb kàn fi ọwọ́ kan mú ọwọ́ Dọ̀tun tó wà níkùn ẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi débẹ̀.

Bàbá Ọlálérè wà lórí àga wọn. Dọ̀tun kúnlẹ̀ látẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ wọ́n, kò ṣàlàyé nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá Caleb dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

"Wọ́n ní o ti pa á rẹ́," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo ẹ̀."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kọjá agbára mi, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Gbogbo Ọ̀kà ló ti rí i. Èmi nìkan ni mi ò tíì rí i." Bàbá gbójú sókè. "Dìde. Rìn ín kí n rí i."

Caleb sáré ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí i."

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Òun ló wò mí, òun ni kó fi hàn mí. Kì í ṣe fóònù."

Ta ló máa sín àgbà jẹ lójú àgbà, nínú ilé àgbà? Dọ̀tun wo Caleb, kò rí ìrànlọ́wọ́. Ó wo Ìyá, Ìyá wo ilẹ̀. Ó dìde. Ó yọ bàtà, ó lọ sí ìdí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀. Tọ̀tún yí gba ẹ̀gbẹ́. Èjìká lọ sílẹ̀, ó tún gbéra. Omi ń dà lójú ẹ̀, àmọ́ kò bù ú kù, kò sì bù sí i. Ó rìn ín dé iwájú àga Bàbá, ó yípo, ó rìn ín padà.

"Bó ṣe rí nìyẹn?" Bàbá wí.

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà."

Bàbá wo ẹsẹ̀ tiwọn, wọ́n tún wo ti Dọ̀tun. "Gbogbo ọdún yìí," ni wọ́n wí, "mo rò pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Caleb fi aṣọ bo ẹnu, wọ́n wọ kíṣìnnì lọ. A ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Dọ̀tun ò mọ̀ bóyá kóun kúnlẹ̀ ni tàbí kóun dúró. Caleb ló wá dì í mú léjìká, níwájú bàbá ẹ̀, tí kò tijú.

"Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ẹ," Bàbá Ọlálérè wí, "ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀?"

"Ó wà, sà. Àmọ́ a lè gbé àga síta fún yín, ẹ ò ní láti..."

"Rárá o. Sátidé ni a máa wá. Kẹ́nikẹ́ni má dì mí lọ́wọ́ mú."