Ojú Wíwú La Fi Ríra

Ojú tí Aránṣọ fi kọ́kọ́ rí Onígbàjámọ̀ kò fẹ̀ ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí nílé ìwòsàn, aṣọ tútù lójú tọkùnrin tobìnrin, ojú wọn wú bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ọkùnrin náà ní oyin ló ta òun. Aránṣọ ní àlùbọ́sà lòun gé. Nọ́ọ̀sì tó wọlé kò gbọ́ irọ́ tí wọ́n ti pa. Ó kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ẹwà ìpéǹpéjú fún gbọ́dọ̀ gbé orí ga sùn, kó dín iyọ̀ kù, kó má sì ra ojú.

Bó ṣe jáde, Onígbàjámọ̀ ṣí etí aṣọ tútù ojú rẹ̀ díẹ̀.

“Àlùbọ́sà yín mà ní ọ̀bẹ lọ́wọ́.”

“Oyin tiyín náà mọ aṣọ rán. Ó rán an gún régé.”

Ẹ̀rín pa wọ́n, ojú sì ń ta wọ́n. Ọkùnrin náà wá jẹ́wọ́ pé ẹni tó ń dúró níwájú dígí láti àárọ̀ dalẹ́, bí kò bá rí àbùkù, á wá a.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ojú tiwọn kò tíì là, wọ́n ń fi fóònù sọ ọ́. “Olólùfẹ́, ojú ọ̀tún ti ń rọlẹ̀, òsì ṣì ń ṣagídí.” Yìnyín inú kúlà, tó ń fi ránṣẹ́ sí Aránṣọ láti fi tẹ ojú, ni Onígbàjámọ̀ fi ń wá ìyàwó.

Ìyá Aránṣọ ló kù. Eruku aṣọ lọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ó wú òun lójú. Nígbà tí Onígbàjámọ̀ wá kí i, tó sì sọ òótọ́ nípa ojú tara rẹ̀, ìyá yọ ṣùtì. Ó ní, “Dígí ni kó o lọ fẹ́, kì í ṣe ọmọ mi.”

Ọkùnrin náà gba èébú, kò tú àṣírí ẹnì kejì. Aránṣọ wò ó títí, ó wá yọ awò dúdú ojú rẹ̀.

“Ẹ má bínú, màmá mi. Ọ̀bẹ kan náà ló gé wa. Òun ni mo fẹ́.”

Ìyá fà á lágbọ̀n síbi fèrèsé, ó yẹ ọ̀tún wò, ó yẹ òsì wò. Ó ní òun kúkú ti mọ̀, eruku wo ló ń wú ojú méjèèjì dọ́gba? Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àna mi, dókítà tó ṣe ojú yín yẹn, ṣé ó ń gba àgbàlagbà?”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ojú tọkọtaya ń dán bí omi òwúrọ̀. Ìyá ìyàwó nìkan ló wọ awò dúdú.