Ohun Tó Ń Kàn Nínú Ilé Àfàlẹ́yìn

Ọjọ́ kẹta tí oníbàárà kan, Bàṣírù, fi mọ́tò fa ilé àfàlẹ́yìn kan wá sí ọgbà Àdìsá, àgbà wẹ́dà ní Ọ̀fà Garage, ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kàn nínú rẹ̀. Kó, kó, kó. Ilé kékeré onítáyà méjì ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń so mọ́ ìdí mọ́tò lọ sùn nínú igbó. Iwájú rẹ̀ rí rogodo, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹ̀kán omijé. Àdìsá wọ inú rẹ̀. Ibùsùn tó ti jẹrà nìkan ló bá. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti mi ilé náà, á tún kàn.

"Ogún bàbá mi ni," ni Bàṣírù ti wí. "Ẹ tún páànù rẹ̀ ṣe, ẹ kùn ún ní funfun. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ."

Àdìsá, tó máa ń fi orin ìyìn ṣiṣẹ́, kò lè kọrin mọ́. Ó gbàdúrà, ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà dúdú tuntun tó nípọn lẹ́yìn ilé náà. Ojú ìlà kan yọ lábẹ́ ọ̀dà. Ilẹ̀kùn ni! Ó gbé e sókè. Ilé ìdáná kékeré ló wà níbẹ̀: sítóòfù, ṣíbí méjì, àti bútà àlùwàlá kan tó ń fì lórí ìkọ́, tó ń gbá páànù. Kò sí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ tí Olúwa kì í ṣí. Ẹnì kan ti fi ìṣó lu orúkọ sí ìdí bútà náà, bí àwọn èèyàn ti ń ṣe kí wọ́n má baà gbé tiwọn lọ ní mọ́sáláṣí: Muhammad Awwal, GRA.

Ní GRA, níbi tí Àdìsá gbé e lọ, Jummai, opó Awwal, gbá bútà náà mọ́ àyà.

"Wọ́n jí ilé àfàlẹ́yìn ọkọ mi gbé nígbà tí mo lọ sí Kánò. Màmúdù, ọlọ́dẹ mi, ló wà látìmọ́lé. Ó búra títí pé òun kọ́. Aládùúgbò wa kan ló ní òun rí i tó ṣí géètì fún olè."

"Kí lorúkọ aládùúgbò yẹn, Àlhájà?"

"Bàṣírù."

Láti ibẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni òun àti Jummai gbà lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àdìsá so bútà padà sórí ìkọ́, ó pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Bàṣírù dé, ó so ilé náà mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀. Rasheedah, ọlọ́pàá tí kò wọṣọ iṣẹ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí oníbàárà.

"Ibo ni bàbá yín ti máa ń dáná nínú ẹ̀?" Àdìsá bi í.

Bàṣírù rẹ́rìn-ín. "Dáná kẹ̀? Nínú pósí yìí? Búrẹ́dì ni wọ́n ń rà jẹ lọ́nà, jàre."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn kì í ṣí. Odidi páànù ni."

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Kó, kó, kó. Bàṣírù tàdí mẹ́yìn. "Kí nìyẹn?"

"Ẹni tó ni ín ni."

Jummai jáde láti ẹ̀yìn àtíbàbà, ó fi ọwọ́ kan gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, bó ti ń ṣe láti ogún ọdún. Bàṣírù fò sínú mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ké, kò lọ. Àdìsá ti fi òkúta há táyà ilé náà.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Rasheedah wí, ó yọ kọ́kọ́rọ́. "Ta ló ṣí géètì?"

"Èmi ni." Bàṣírù sorí kọ́. "Mo purọ́ mọ́ Màmúdù."

Nírọ̀lẹ́, Màmúdù ti àtìmọ́lé wá tààrà. Jummai fúnra rẹ̀ bu omi sínú bútà, ó gbé e fún un. Ọkùnrin náà ṣàlùwàlá, omijé ń dà mọ́ omi. Ó so bútà òfìfo padà sórí ìkọ́.

"Ṣé kí n yọ ìkọ́ yẹn, Àlhájà," ni Àdìsá bèèrè, "kó má baà kàn mọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Mo mọ ẹni tó ń kàn."