Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà

Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Akumalik fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù awọ séèlì, ẹran inú òkun, tí wọ́n so kọ́ sí àjà, ó sì fi ẹsẹ̀ kan náà balẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Àfi bí ikọ́ ṣe gbé e.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Taqtu ní, "Arúgbó! Ṣé kí n bá ẹ wá ọ̀pá?"

"Wá a wá. Òun náà ni màá fi nà ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà rẹ̀ ń já. Ó ti pẹ́ tí ikọ́ náà ti ń bá a fínra. Bó bá lọ jẹ́ ikọ́ ife, kò ní bá ẹgbẹ́ wọn wọ bàálù lọ síbi ìdíje ní ìlú Iqaluit.

Nílé, Ulayok, ìyá àgbà rẹ̀, ń gé ẹja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ yín yìí ò dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ rí nọ́ọ̀sì."

Bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà tó ti kú ni wọ́n sọ Akumalik, ẹni tó bá sì jẹ́ orúkọ èèyàn nílẹ̀ yìnyín tí wọ́n ń gbé ti gba ipò rẹ̀. Ìyá àgbà kì í pàṣẹ fún un.

Akumalik sì mọ ipò náà lò. "Àbúrò, mo ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Yàrá kan ni wọ́n jọ ń sùn. Nígbà tí ìdíje fi máa kù díẹ̀, ìyá àgbà náà ti ń húkọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ pẹja, ó jókòó sórí yìnyín tó bo omi, kò lè gbẹ́ ihò tó fẹ́ fi pẹja parí mọ́. Akumalik ju okùn ìpẹja rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a.

"Àbúrò, dìde. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì là ń lọ."

Ìyá àgbà mi orí. "Mo ṣì kéré nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn dókítà dé. Wọ́n ní ikọ́ ife ń ṣe yín. Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá dágbére. Wọ́n gbé yín lọ sí gúúsù, a ò rí yín mọ́. A ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin yín sí."

"Ṣé èmi ni wọ́n gbé lọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo ti padà dé?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. "Ẹ ti dé."

"Dìde nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, a jọ ń lọ ni."

Ikọ́ ife ni, fún àwọn méjèèjì. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gba abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò, Taqtu sì bú Akumalik dáadáa kó tó wọ bàálù lọ. Ẹkún ni Akumalik sun lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kò sí ọkọ̀ tó wá gbé ẹnikẹ́ni. Ilé ni nọ́ọ̀sì ti ń wá fún wọn lóògùn, ó ń wò wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì, ó sì ń mu tíì wọn. Ó ti sọ fún wọn pé oògùn náà máa ń sọ ìtọ̀ di pupa.

"Ẹ̀gbọ́n o!" ìyá àgbà pariwo láti ilé ìgbẹ́. "Ìtọ̀ mi ti pupa! Ṣé tiyín náà?"

"Tèmi pupa ju tìẹ lọ. Èmi ni ẹ̀gbọ́n!"

Ikọ́ ife ń gbóògùn. Ẹni tó bá ń fi í pamọ́, àwọn tó fẹ́ràn jù ló ń kó o ràn. Bí ikọ́ rẹ bá pẹ́ tí kò lọ, sọ ọ́, kó o lọ ṣe àyẹ̀wò.

Lọ́dún kejì, Akumalik dé Iqaluit. Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù tó ga tó tirẹ̀. Ìyá àgbà fò dìde láàárín èrò, ó ń nàka sí ọmọbìnrin náà: "Ẹ wò ó! Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!"