Ẹja Tí Kò Légungun

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Apia, olú-ìlú Samoa, ni Moelagi ṣí fóònù rẹ̀ tó rí i pé áàpù òun kò sí mọ́ ní ìsọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń ta áàpù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onísọ̀ kọ sí i kò gùn: iṣẹ́ oníṣẹ́ lo jí, ẹni tó ni ín ti fẹjọ́ sùn, a ti ti ìsọ̀ rẹ. Ó sáré wo ìsọ̀ kejì tó jẹ́ orogún ti àkọ́kọ́. Áàpù rẹ̀ náà ló jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n ti kùn ún ní pupa, orúkọ Enosa Tuifao ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ẹja kan. Ohùn ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ló jáde, ó ń pe orúkọ ẹja. Moelagi figbe ta. Awakọ̀ pa orin.

Orúkọ ẹja ni áàpù náà ń kọ́ni. Ní Samoa, ẹja kan lè pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin bó ṣe ń dàgbà, àwọn àgbà tó mọ àwọn orúkọ náà sì ń kú lọ. Moelagi jókòó tì wọ́n, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹja kọ̀ọ̀kan. Ó ṣèlérí fún àwọn àgbà oyè pé òun kò ní fi ohùn wọn lé àlejò lọ́wọ́ láéláé. Wàyí o, ariwo ti gba abúlé pé ó ti tà wọ́n. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbìmọ̀ abúlé yóò jókòó. Bí ẹ̀bi bá já lé e lórí, wọn yóò lé òun àti ìyá rẹ̀ kúrò nílùú, àwọn méjèèjì yóò sì fi ibojì ìyá àgbà tó wà níwájú ilé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mọ̀lẹ́bí ni Enosa, Auckland ní New Zealand ni wọ́n ti tọ́ ọ. Òun ló wá fi ẹnu dídùn sọ fún un pé, "Àǹtí Moe, ẹ̀ bá jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ sí ìsọ̀ kejì, kí ọjà yín wà níbi méjèèjì." Moelagi kó gbogbo iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Kí àwọn onísọ̀ ńlá tó yẹ tirẹ̀ wò tán, Enosa ti gbé e sójú ọjà lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ti Moelagi wá jáde, ó yíjú padà, ó pe olóhun lólè. Ìkà ni. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tí à bá pè é.

Sájẹ́ǹtì Taleni, ọlọ́pàá obìnrin tí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò, gba ẹjọ́ náà, ó sì mú Moelagi dání lọ sí Vaitele, níbi tí Enosa háyà yàrá sí. Omi tíì rẹ̀ ṣì ń hó. Fèrèsé wà ní ṣíṣí gbayawu.

"Ibo ló gbà?" Taleni bi obìnrin tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Ó ti bẹ́ jáde. Ó ní onílé ló ń lé òun. Mulifanua ló pe takisí sí."

Nígbà tí wọ́n dé èbúté ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Savai'i ti ń gbé ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sókè. Taleni na ìka sí atukọ̀ kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Pita! Gbé irin yẹn sókè, kó o wá rí mi!"

Irin sọ̀kalẹ̀. Abẹ́ tapólì ọkọ̀ akẹ́rù kan, láàárín kókò tútù, ni wọ́n ti fa Enosa jáde. Erùpẹ̀ kún irun rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, àgbà oyè kan tí ìgbìmọ̀ rán wá gbọ́ ẹjọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Moelagi.

"Ta ló ni áàpù yìí?" ni Taleni wí.

"Èmi ni. Ẹ wo déètì, ọ̀gá. Tèmi ló kọ́kọ́ jáde."

"Ohùn ta nìyí?"

"Ti ìyá arúgbó kan lábúlé bàbá mi."

"Orúkọ ẹ̀?"

"Mo ti gbàgbé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gbàgbé? Ẹ jẹ́ n máa lọ, jàre."

Déètì ń gbè é lẹ́yìn lóòótọ́, ó sì mọ̀. Àgbà oyè náà mi orí, kò wo ojú Moelagi mọ́. Ìgbà náà ni Moelagi tẹ̀ sí etí Taleni: "Ẹ bi í nípa pepemoe."

Taleni ṣí àwòrán ẹja kékeré kan. "Kí lèyí?"

"Pepemoe. Labalábá tó ń sùn nìtumọ̀ ẹ̀. Bó ṣe ń sùn sórí òkúta nísàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja abúlé wa mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ìwọ fúnra ẹ ti rí i rí?"

"Rí kẹ̀? Mo ti jẹ ẹ́! Ó dùn gan-an, àfi egungun ẹ̀ tó pọ̀ jù."

Àgbà oyè náà gbójú sókè. Láti kékeré ló ti ń pẹja, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé.

Moelagi ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó gbé ẹja onígi kan ka tábìlì. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, eyín ọmọdé sì ti dá ìrù rẹ̀ lu.

"Bàbá àgbà mi ló gbẹ́ ẹ fún mi nígbà tí mò ń hu eyín. Wọ́n ń pe labalábá ní pepe lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Èmi ni Moe. Ọmọ Moe ni màmá àgbà ń pè é. Mo yà á mọ́ àwọn tó kù torí mo fẹ́ràn ẹ̀." Ó ti ẹja náà síwájú Enosa. "Enosa, ó yá, jẹ ẹ́ kí n rí i. Wá yọ egungun ẹ̀."

Enosa wo igi náà títí.

"Mo rò pé ẹja gidi ni," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tì í mọ́lé.

Ìgbìmọ̀ dá Moelagi láre, ìyá rẹ̀ sì sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ìsọ̀ ńlá dá áàpù padà, wọ́n ní ẹ má bínú. Ìsọ̀ kejì yọ ti Enosa kúrò. Ṣùgbọ́n ti pupa yẹn ti wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù kálẹ̀ ayé, kò sí ọlọ́pàá tó lè kó o jọ padà. Ó dun Moelagi wọra.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, ẹnì kan kúnlẹ̀ sórí koríko níwájú ilé, ẹní àtàtà bo orí rẹ̀. Bí àwọn tó ṣẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ní Samoa nìyẹn; bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ká ẹní náà kúrò, ó ti dárí jì wọ́n. Enosa wà látìmọ́lé, ìyá rẹ̀ ló wọ bàálù wá láti Auckland.

"Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á," ni Moelagi wí nínú ilé, ó sì jẹ́ kí oòrùn ga. Obìnrin náà wúkọ́ lábẹ́ ẹní. Ìyá Moelagi ń sunkún. Moelagi jáde, ó ká ẹní kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ dìde, Mọ́mì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jí i."

"Èmi ni mo bí i." Obìnrin náà yọ fóònù rẹ̀. Áàpù pupa wà lójú rẹ̀. "Mo rà á. Mò ń fi gbọ́ ohùn ìyá àgbà yín láràárọ̀. Enosa ní òun tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín ni."

"Ẹ pa á rẹ́, Mọ́mì."

Ó pa á rẹ́. Moelagi fà á dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ibojì kọjá wọlé lọ jẹun. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù yẹn, ọ̀kan péré ló dín.