Àpá Tó Wà Lára Bàbá Télọ̀

Bíríkìlà kan tibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ ẹ̀wù, ló bá figbe ta. Àpá dúdú wà ní apá bàbá, ó wà ní ẹ̀gbẹ́, ó wà ní ìbàdí. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó da ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta, ó sì pe ọlọ́pàá, torí ìyàwó yìí nìkan ló ń bá bàbá gbélé látàárọ̀ dalẹ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀sọ̀ ló wá. Ó di bàbá mú lọ́rùn ọwọ́, ó rọra mú un jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló lù yín?"

Bàbá wolẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìyàwó ilé ni?"

Bàbá ò fọhùn. Háà! Àgbàlagbà tó mọ òótọ́, tó panu mọ́! Ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́.

"Ìyàwó, kí lẹ rí sọ?"

"Mi ò lù wọ́n, sà. Oògùn ọkàn tí ilé ìwòsàn kọ fún wọn ni mò ń fún wọn láràárọ̀, ẹyọ kan péré. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

"Ẹ mú un lọ jàre!" ọkọ rẹ̀ pariwo.

Fẹ̀sọ̀ ka káàdì ilé ìwòsàn tó wà lára ògiri. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bàbá, ẹ̀jẹ̀ wà lára búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó tú gbogbo yàrá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, kó tó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Páálí oògùn ara ríro mẹ́ta ló wà lábẹ́ òwú, méjì ti ṣófo.

"Ọ̀gbẹ́ni, wo ọrùn ọwọ́ bàbá ẹ. Àpá ìka mẹ́rin. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo dé, èmi ni mo dì wọ́n mú. Ṣé èmi náà lù wọ́n ni? Oògùn ọkàn yìí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí iṣan ọkàn má baà dí. Irú oògùn ara ríro yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń dá egbò sínú ikùn. Káàdì ti ní kí wọ́n má fi oògùn mìíràn kún un láìbéèrè. Bí wọ́n bá kàn fara gbá tábìlì, ẹ̀jẹ̀ á dà sábẹ́ awọ. Bàbá, ìgbẹ́ yín ńkọ́?"

"Ó dúdú bí ọ̀dà. Látàná."

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ikùn yín nìyẹn. Ilé ìwòsàn là ń lọ báyìí. Ẹ má fẹnu kan oògùn ara ríro yẹn mọ́. Ti ọkàn, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà ló máa sọ. Àmọ́ àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́?"

Bàbá bú sẹ́kún. "Orúnkún ń ro mí, mi ò lè tẹ ẹ̀rọ. Ìyàwó yìí ti ká oògùn yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ rí, mo sì búra fún un pé mi ò ní rà á mọ́. Ojú tì mí, mi ò fẹ́ kó tún bá mi wí bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ní òun ló lù mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀."

Bíríkìlà ò lè gbójú sókè. Ó jáde lọ kó ẹrù wọlé, ẹnì kankan ò bá a gbé e.

Bàbá fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà sáré di ẹ̀wù rẹ̀ mú, kò fọwọ́ kan ara rẹ̀.

"Ẹ má kúnlẹ̀, bàbá. Orúnkún yín á dúdú, wọ́n á tún ní èmi ni."