Ìyókù Résìnì Abẹ́ Síǹkì

Waheedah tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó tún fi résìnì, oje kẹ́míkà tó máa ń le bí ike, pa aṣọ faibagíláàsì onífọ́nrán gíláàsì tó tẹ́ sórí ìgbàyà ìhámọ́ra tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìdíje. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín bo imú, ó sì jókòó sí báákónì ilé wọn ní Thamesmead kí òórùn líle náà lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Adrian, olùkọ́ wọn, ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé ilé ìwé nìkan lòun ti máa ṣe iṣẹ́ yìí. Sátidé ni ìdíje àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe aṣọ eré ní Woolwich, iṣẹ́ ò sì tíì dé ìdajì. Ìyá rẹ̀, tó ti ibi ìtọ́jú àwọn arúgbó dé láàárọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ń sùn ní yàrá.

Nítorí ìkánjú, résìnì tó pò mọ́ èròjà tó ń mú un le ti pọ̀ jù. Nígbà tó parí ìgbàyà, ó ṣẹ́ ku ju ìdajì lọ. Olùkọ́ ti ní kí wọ́n máa da irú ìyókù bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páálí níta, kó le síbẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Ó dun Waheedah láti sọ ọ́ nù. Nílé tiwọn, ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣòfò. Inú ike áísìkirímù ló ń wọ̀. Ó mú ike kan, ó da résìnì sí i, ó dé e pinpin, ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì ilé ìdáná, láàárín àwọn àpò ọ̀rá. Ó ní òun á lò ó lọ́la.

Kò pẹ́ tí òórùn kan fi gbà á nímú. Ó sáré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdérí ike náà ti wú, ike ń yọ́, èéfín funfun ń rú jáde. Kò sẹ́ni tó dáná sí i. Résìnì tí a pò, tí a kó jọ sójú kan, a máa gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń le.

Ìlérí tó ṣe ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù padà, ó ṣí fèrèsé, ó ń fi tówẹ̀lì fẹ́ èéfín. Kí Mummy má ṣáà jí. Ṣùgbọ́n èéfín náà ń dúdú sí i, ó sì rí i tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ìyá rẹ̀.

Ó ju tówẹ̀lì sílẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ohùn. Ó wọlé. Ìyá rẹ̀ na gbalaja, kò mira. Waheedah mì ín, ó tún mì ín.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Èmi ni mo fà á."

Ìyá náà húkọ́, ó yọ òwú tó fi dí etí. Ó fà á jáde, ó pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó sì pe àwọn panápaná.

Nígbà tí àwọn panápaná gbà wọ́n láyè láti padà wọlé, kọ́bọ́ọ̀dù ti jóná, ògiri ti dúdú.

"Ta ló kọ́ ẹ pé inú ike áísìkirímù ni wọ́n ń tọ́jú májèlé sí?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ká má fi nǹkan ṣòfò."

"Ọbẹ̀ ni mò ń sọ, Wahee. Ọbẹ̀." Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù tó jóná. "Tó o bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i kó o tó jí mi ńkọ́?"



Sátidé kọjá lọ. Ògiri ló ń fọ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi ìdíje. Ìyá rẹ̀ ò ní kó pa iṣẹ́ náà tì. Ó ní kó lọ parí rẹ̀ níbi tó yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nílé iṣẹ́ ọwọ́ ilé ìwé, lójú Ọ̀gbẹ́ni Adrian, ó ń wọn résìnì díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tó máa tó fún èjìká kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ti yé e wàyí pé iṣẹ́jú tó fi ń fi ewu pamọ́ nítorí ìbáwí, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló ń ná. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe tó léwu, kó tètè ké síta.

Nígbà tí èjìká kejì le tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó kí olùkọ́ pé ó dàárọ̀, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.