Ta Ló Yọ Kábúrétọ̀ Tiráktọ̀ Ọládọ̀tun?

Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ṣí gáréèjì ní àárọ̀ Sátidé kó lè gbálẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Ó ká aṣọ orí tiráktọ̀ Ọládọ̀tun ọkọ rẹ̀ kúrò. Ó figbe ta.

Tiráktọ̀ kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ro ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ó ti dàgbà ju Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Inú oko kan tó ti di ahoro ni Ọládọ̀tun ti rí i, tí ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń tún un ṣe ní Sátidé Sátidé, nílé rẹ̀ ní Baytown, lẹ́bàá Houston l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí jẹjẹrẹ dá Ọládọ̀tun dùbúlẹ̀ lọ́dún 1986, àwọn ọ̀rẹ́ kò dáwọ́ dúró. Òní gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣíná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí Ọládọ̀tun lè gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé yàrá tó wà.

Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ rẹ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbiná, kò sí níbẹ̀ mọ́. Irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.

Rónkẹ́ kò pe ọlọ́pàá. Ta ni yóò dá a lóhùn nítorí irin kékeré? Alàgbà Ọmọ́yẹni ló pè. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni bàbá náà ṣe n'Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Houston.

Ọmọ́yẹni dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà títí.

"Ta ló ti wọ ibí láàárọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Èmi àti ẹ̀yin náà ni."

Wọn kò já ilẹ̀kùn. Abẹ́ ìkòkò òdòdó ni kọ́kọ́rọ́ wà, gbogbo ọ̀rẹ́ ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Epo kò kán sílẹ̀. Olè náà ti yí àwọn nọ́ọ̀tì padà sáyè wọn kí wọ́n má baà sọnù. Ó tún fi àkísà funfun dí ihò ẹ́ńjìnnì kí eruku má wọ̀ ọ́.

Ọmọ́yẹni fa àkísà náà yọ, ó tì í bọ àpò. Ó bo tiráktọ̀ padà.

"Má sọ ohun tá a rí fún ẹnikẹ́ni. Ṣáà sọ pé kábúrétọ̀ sọnù."

Omijé lé ròrò lójú Rónkẹ́. "Bàbá, ẹ bá mi wá a. Nǹkan kan ṣoṣo tí ọkọ mi ṣì ń bèèrè nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó wá lánàá ní ohun tó ń dá a dúró kò yé òun. Ó ní àfi bí ẹni tó ń retí nǹkan."

"Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi àti Làtífù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó yà kí i nígbà tó kírun Jímọ̀ tán."

Charles ló kọ́kọ́ dé, òyìnbó arúgbó tó ń gbé lódìkejì títì. Ó ti bẹ Ọládọ̀tun lọ́pọ̀ ìgbà pé kó ta tiráktọ̀ náà fún òun.

"Mo fẹ́ ẹ lóòótọ́," ni Charles wí. "Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Làkúrègbé ti ká àwọn ìka náà kò. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ gan-an, ìdajì ló lè dè. Ọmọ́yẹni rántí àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ yẹn, ó sì fi í sílẹ̀.

Dàpọ̀ dé láti Clear Lake. Ẹnjiníà ni. Òun náà ní tiráktọ̀ àtijọ́ nílé, kábúrétọ̀ ni kò sì sí lára tirẹ̀.

"Ó dájú pé irú ẹ̀ lò ń wá," ni Ọmọ́yẹni wí.

"Bàbá, ṣé èmi lẹ wá ń pè lólè?"

"Mi ò tíì pè ọ́ ní nǹkan kan. Ìbéèrè ni mò ń bi ọ́."

"Tèmi tóbi ju èyí lọ. Ihò bóòtù wọn ò bára mu. Ẹ bi Charles."

Charles mi orí pé òótọ́ ni. Ó ní àwọn jọ gbé e wọ̀ ọ́ wò rí, kò wọlé.

Làtífù ló dé kẹ́yìn. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní La Porte. Òun àti Ọládọ̀tun ni wọ́n jọ wọ Amẹ́ríkà, yàrá kan náà ni wọ́n sì jọ sùn kí oníkálukú tó níyàwó. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àdánù ńlá gbáà ni," ló wí.

"Ẹ jẹ́ ká tì í sójú oòrùn," ni Ọmọ́yẹni wí, ó di etí aṣọ mú, "ká wò ó bóyá nǹkan míì ti bàjẹ́."

"Ẹ rọra o, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí àkísà ẹnu ẹ̀ yẹn bọ́. Eruku á wọ̀ ọ́."

Ọmọ́yẹni ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa àkísà náà jáde.

"Làtífù, àpò mi lèyí wà láti àárọ̀. Èmi àti Rónkẹ́ nìkan la rí i."

Làtífù fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ìwọ lo mú un. Nígbà tó o kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lánàá, o mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìkòkò. Olè tó fẹ́ tà á kò ní dá nọ́ọ̀tì padà sáyè wọn. Ọ̀tá kò sì ní dí ihò nítorí eruku. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ló ṣe é. Ìdí ẹ̀ ni kò yé mi."

Làtífù jókòó sórí ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní ó ń retí nǹkan. Mo mọ nǹkan náà. Tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yìí pẹ́nrẹ́n, á lọ. Mo rò ó pé bí kò bá gbọ́ ọ, á ṣì dúró dè é. Bó tiẹ̀ ṣe oṣù kan sí i. Bàbá, èmi àti ẹ̀ la jọ jẹ ìyà ìlú yìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibí láìsí Dọ̀tun."

Rónkẹ́ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé yóò pariwo. Kò pariwo.

"Làtífù, o máa ń wá, o máa ń lọ. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ tó bá ń kérora. Ṣé inú ìrora yẹn lo fẹ́ kó ti dúró dè ọ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Níbo ló wà?"

"Inú búùtù mọ́tò mi. Mo wé e sáṣọ."

Wọ́n ti tiráktọ̀ sábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé kábúrétọ̀ dé. Làtífù ń yí nọ́ọ̀tì, Dàpọ̀ ń bá a di kábúrétọ̀ mú. Nọ́ọ̀tì kan ló kù nígbà tí Adébùnmí, ọmọ Ọládọ̀tun, sáré jáde látinú ilé.

"Mọ́mì! Dádì ò dá mi lóhùn mọ́!"

Rónkẹ́ sá wọlé. Kò pẹ́, fèrèsé ṣí gbayawu.

"Ó ṣì ń mí! Ẹ ṣíná sí ẹ́ńjìnnì!"

Làtífù fa okùn. Kò dún. Ó tún fà á, ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó dákẹ́. Ó fi gbogbo ara fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Èéfín funfun bẹ́ jáde, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo Rónkẹ́ láti ojú fèrèsé. Ó ti gbé ẹnu sétí ọkọ rẹ̀.

"Ó ti ń dún, Bàbá Adébùnmí. Tìrẹ ló ń dún yẹn."

Ojú Ọládọ̀tun kò là. Bóyá ó gbọ́, bóyá kò gbọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ. Nígbà tó ṣe, Rónkẹ́ gbé orí sókè, ó mì í fún wọn pé ó ti lọ.

Charles ṣí fìlà. Dàpọ̀ na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Làtífù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jọ̀ọ́, má pa á."

Wọ́n dúró yí i ká, àwọn àti Alàgbà Ọmọ́yẹni, títí epo inú rẹ̀ fi tán.